Adágún Nakuru ní Kenya: ọgbà ẹranko ibẹ̀ dára, àwọn tó ta ìrìnàjò fún wa ni ò sòótọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá fi fọ́tò adágún Nakuru tí flamingo, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ, bò pítipìti hàn yín, ẹ bi í pé ọdún wo ni wọ́n yà á. Obìnrin tó ta ìrìnàjò náà fún wa ní Nairobi (mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ wọn) fi irú rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Ìyàwó mi bi í lójúkojú pé, "Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀ báyìí?" Ó ní wọ́n wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní.

A dé etí omi, ìwọ̀nba flamingo díẹ̀ la rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ wa obìnrin, tí kò sùn dáadáa lóru nítorí ẹyẹ, ní, "Dádì, àwọn tó kù ńkọ́?" Orí mi gbóná. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe obìnrin náà. Ó ní ẹyẹ ló ni ìyẹ́ rẹ̀, àwọn ò lè so ó mọ́lẹ̀ fún mi. Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ so ẹyẹ mọ́lẹ̀? Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ kẹ́ ẹ tó gbowó. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ̀gá òun. Mo kọ ọ́ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Èsì tí mo gbà ni pé wọ́n dúpẹ́ pé a yan àwọn, fọ́tò flamingo yẹn gan-an ló sì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Oúnjẹ inú páálí tí wọ́n dì fún wa náà tutù nini.

Awakọ̀ wa, àgbà ọkùnrin kan, kò gbèjà wọn, kò sì bú wọn. Ó kí wa ní "pole sana", ìyẹn "ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an" ní èdè Swahili, ó wá wakọ̀ lọ síbi tí àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tó ti kú dúró gangan sínú omi. Ó ní ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti bí ọdún 2010 ni adágún náà ti ń kún, ó ti gba ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ọgbà náà. Omi oníyọ̀ ni flamingo ń fẹ́, torí inú rẹ̀ ni ohun wínníwínní aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń jẹ ti ń pọ̀. Bí omi òjò ṣe ń ya wọ̀ ọ́, iyọ̀ rẹ̀ dínkù, oúnjẹ wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn sì fò lọ sí adágún Bogoria. Ní ti ẹyẹ òfú, ẹja ni tiwọn. Ara tu wọ́n níbẹ̀.

Ibi tí a ti ń yí padà ló ti pa ẹ́ńjìnì lójijì. Àgbáǹréré funfun méjì, ìyá àtọmọ, jáde sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n sún mọ́ wa débi pé à ń gbọ́ bí koríko ṣe ń já lẹ́nu ìyá. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti sán. Etí rẹ̀ kan kọjú sí wa, èkejì kọ sẹ́yìn. Ọmọ ló ṣáájú. Awakọ̀ rọra sọ pé bí ti funfun ṣe ń rìn nìyẹn. Ti dúdú, ìyá ló ń ṣíwájú, torí inú igbó ṣíṣù ló ń gbé. Irú méjèèjì ló wà nínú ọgbà yìí. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń dáàbò bò wọ́n níbẹ̀, wáyà sì yí ọgbà náà ká nítorí àwọn tó ń pa wọ́n tìtorí ìwo. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, kò béèrè flamingo mọ́.

Àgùnfọn, ẹfọ̀n, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, gbogbo wọn la rí. Tẹ́ ẹ bá gun Baboon Cliff, òkè kan nínú ọgbà náà, ẹ ti fèrèsé ọkọ̀ yín nítorí àwọn ọ̀bọ.

Tó bá jẹ́ flamingo lẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè Bogoria. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ yọ fọ́tò yẹn kúrò.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5 fún ọgbà náà. Bí ẹ bá máa bá ilé iṣẹ́ yẹn lọ, awakọ̀ àgbà yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè fún.