Okùn lásán àbí apá onísípíríǹgì? Ìfiwéra fún ẹni tí ó fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ kí ajá rẹ̀ sì máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Ajá tí ń tẹ̀ lé ọdẹ wọ igbó ní Búnú tàbí ní Yàgbà kò nílò kẹ̀kẹ́ ológeere kankan kí ara rẹ̀ tó le. Ajá ìlú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, èyí tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, tí ẹni tí ó ni ín sì ń wá ohun tí yóò rà kí àwọn méjèèjì lè jọ máa sáré láìfarapa. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà: okùn lásán, apá onísípíríǹgì tí ilé-iṣẹ́ ṣe (irin tí a ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́, tí a sì ń so ajá mọ́), àti èyí tí ajórin àdúgbò lè bá yín ṣe.

Okùn lásán ni owó rẹ̀ kéré jù, èmi kò sì gbà yín níyànjú láti lò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Kàbà, mo wé okùn ajá mi mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó má bàa bọ́. Ewúrẹ́ kan já gba iwájú wa kọjá, ajá yà sí i, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì yà tẹ̀ lé e. Kí n tó rí búréèkì tẹ̀, orúnkún mi ti wà nílẹ̀, okùn sì ti wé mọ́ wili iwájú. Ohun tí ó fà á ni pé ibi tí ó rọrùn jù lọ láti yí lára kẹ̀kẹ́ ni mo fi lé ajá lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo di okùn náà mú, ọwọ́ kan péré ni ó kù fún búréèkì.

Apá onísípíríǹgì gbé agbára tí ajá fi ń fa kẹ̀kẹ́ lọ sí abẹ́ ìjókòó, níbi tí ìwúwo ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ti lè dènà rẹ̀. Méjì nínú wọn ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù. Springer, tí ó ti Norway wá, ní sípíríǹgì ńlá tí ó hàn síta. Ìsàlẹ̀ ni apá rẹ̀ ti nà jáde, ó sì ní ìdè kan tí ń já bí ajá bá gba ọ̀tún òpó nígbà tí ẹ̀yin gba òsì. WalkyDog jẹ́ ọ̀pá gígùn tí okùn àti sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Ara ọ̀pá ìjókòó ni a ń dè é mọ́, ó sì rọrùn láti yọ bí ẹ bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́jà. Ní tèmi, bí ajá yín bá wúwo tí ó sì lágbára, èyí tí ó lọ sílẹ̀ ni kí ẹ mú, nítorí bí ibi tí ajá ti ń fa kẹ̀kẹ́ bá ṣe ga tó ni yóò ṣe rọrùn fún un tó láti gbé yín ṣubú. Èyí tí a ń dè mọ́ ọ̀pá ìjókòó tó fún ajá tí kò tóbi. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀pá náà ṣáájú, torí pé ti àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bíi Raleigh tín-ín-rín ju ti ìgbàlódé lọ, ìdè lè máa yọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ bi òǹtajà bóyá apá náà ṣeé dè sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà etí ọ̀nà ni ajá gbọ́dọ̀ wà, kí ara yín wà láàárín òun àti àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tí ń ti Obajana bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yìí kan náà ni ṣéènì wà, kí apá náà sì gùn tó kí ẹsẹ̀ ajá má bàa kan pẹ́dààlì.

Ti ajórin kò wọ́n, ṣùgbọ́n sípíríǹgì ọ̀kadà ni wọ́n sábà máa ń lò, ìwúwo ènìyàn ni wọ́n sì ṣe é fún. Ajá kò lè fà á kí ó nà, bí irin gbọọrọ lásán ni yóò rí. Kò sì ní ìdè tí ń já. Bí ẹ bá ṣe é síbẹ̀, ọ̀nà oko tí ọkọ̀ kì í gbà ni kí ẹ fi mọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn, nítorí ọ̀fun ni gbogbo ìfàgùn náà yóò bá. Bẹ́líìtì àyà ni kí ẹ rà, èyí tí kò dábùú èjìká ajá, tí ìka méjì sì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ dára ju onífóòmù lọ fún oòrùn ilẹ̀ wa, nítorí ahọ́n ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára nígbà tí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í làágùn bíi tiwa. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àkókò rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì: bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè gbà á.

Ajá tí kò tíì pé ọdún kan, tàbí oṣù 18 bí irú rẹ̀ bá tóbi, kò tíì yẹ fún eléyìí, nítorí egungun rẹ̀ kò tíì gbó. Ajá onímú pẹlẹbẹ kò yẹ fún un rárá. Bí owó yín kò bá sì tó ra apá àti bẹ́líìtì àyà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ra bẹ́líìtì ṣáájú, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ajá náà, kí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró sílé.