Ọkọ̀ eré-ìje NASCAR àlòkù: ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó
Ọkọ̀ NASCAR Cup (ìdíje eré-ìje ọkọ̀ ńlá ti Amẹ́ríkà) tí wọ́n lò láàárín 1992 sí 2007 wu olùkójọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà láìní ẹ́ńjìnnì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ná, torí pé ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) oníkabúrétọ̀ tó tó lítà 5.8 yẹn lè gbówó ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ má gba ọ̀dà gbọ́. Ta ni kò lè kun nọ́ńbà awakọ̀ olókìkí? Nọ́ńbà ara férémù (egungun irin ọkọ̀) ni kẹ́ ẹ fi wé ìwé ẹgbẹ́ eré-ìje tó ṣe ọkọ̀ náà. Tí férémù bá ti wọ́ níbi tí wọ́n ti tún un jó, ẹ fi í sílẹ̀.

Àpò rọ́bà inú táńkì máa ń gbó, á sì máa jo epo. Ẹ pààrọ̀ òun àti bẹ́líìtì ìjókòó kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ náà. Iná iwájú? Sítíkà lásán ni, kò ṣeé wà ní títì. Fún àfihàn nìkan, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì ti tó.