Ìrẹsì Ọ̀fadà tí mo ń rà lójú ẹ̀rọ

Alásè ni mí l'Ékòó, Ọ̀fadà sì ni àwọn oníbàárà mi kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ọjà ìtòsí ni mo ti ń rà á tẹ́lẹ̀, títí ẹnì kan fi ta èyí tó ti da ìrẹsì òkèèrè lù fún mi. Ni mo bá kọjú sí Ọ̀fadà gan-an, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé, Ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó o.

Ọjà ìyá yìí dáa. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan wò: hóró rẹ̀ kúrú, ó sanra, èèpo pupa ṣì wà lára rẹ̀ torí wọn kì í bó o dé funfun. Òórùn tí àwọn kan ń sá fún yẹn, inú omi ló ti ń wá. Wọ́n á rẹ ìrẹsì náà tèèpo-tèèpo fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sá a. Bó bá pẹ́ jù nínú omi, òórùn á le koko. Ti ìyá yìí mọ níwọ̀n. Kí n ṣáà ti dì í sínú ewé eéran, kí ayamáṣe gorí ẹ̀, kò ní ṣẹ́kù.

Òkúta nìkan ni ẹjọ́ mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣì ń sá ìrẹsì sí. Ìyá yìí ti ń lo tapólì, síbẹ̀ mo ṣì ń ṣà á kí n tó gbé e kaná.

Ó wọ́n ju ti òkèèrè lọ, àmọ́ mi ò kì í ná an jù. Òkè ilẹ̀ ni wọ́n ń gbìn ín sí, omi òjò ló ń mu, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń kórè rẹ̀, tẹbítará ló sì ń lé ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ọ̀hún ń lọ. Láti Mowe wọlé, ilé àti pátákó ilẹ̀ títà ló gba ojú ọ̀nà, torí pé títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò jìnnà. Ìyá ní oko ìrẹsì bàbá ọkọ òun ti di ilé. Ó dùn mí dọ́kàn. Kí ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀ ibẹ̀ kó tó tán!

Bí ẹ bá máa lọ, ẹ jẹ́ kí ìkórè parí, nǹkan bí oṣù kọkànlá, ìgbà yẹn ló máa ń pọ̀. Ẹ bèèrè iye ọjọ́ tó lò nínú omi, kí ẹ sì ní kí wọ́n bó tiyín lójú yín.