Ẹ̀fọ́ rírẹ́ inú ọ̀rá ní Àkúrẹ́: ṣé ó dára fún ẹnu àgbà?

Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá dáná fún òbí àgbà ò ráyè jókòó máa já ẹ̀fọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá ẹ̀fọ́ rírẹ́ fi ń yá lọ́jà. Ọwọ́ àwọn ìyá aléfọ̀ọ́ Àkúrẹ́ já fáfá, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń rẹ́ ẹ. Àmọ́ fún àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń yẹ̀, a ò lè fún un ju máàkì 3 nínú 5 lọ.

Igi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Tewé-tigi ni wọ́n sábà máa ń rẹ́ pọ̀. Ewé tẹ̀tẹ̀ á ti rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, igi rẹ̀ á ṣì le koránkorán. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ sè é títí igi á fi rọ̀, ewé á ti dúdú. Ìkejì ni fífọ̀: folate, ọ̀kan lára àwọn fítámì B, ń yòrò sínú omi, torí náà ẹ̀fọ́ tá a rẹ́ ká tó fọ̀ ọ́, tá a tún bọ̀, tá a tún fún gbẹ, kí ló kù níbẹ̀?

Folate yìí, lutein (èròjà kan nínú ewé) àti fítámì K wà lára ohun tí àwọn olùwádìí Rush University ní Chicago yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018. Nínú àgbàlagbà 960, iyè àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ eléwé bí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kò tètè lọ sílẹ̀ bíi tàwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Wọn ò ní ẹ̀fọ́ ń wo àrùn ìgbàgbé o. Ìlàjì ife ẹ̀fọ́ sísè ni ẹ̀ẹ̀kan yẹn, kò pọ̀ rárá.

Gbúre odindi la fara mọ́. Ẹ já ewé àti ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ. Fún ife 6 tí ẹ ò kì mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi omi ẹran díẹ̀ se ṣíbí ìjẹun 2 ẹ̀gúsí tó kúnná fún ìṣẹ́jú 10, pẹ̀lú edé lílọ̀ àti ṣíbí 1 epo pupa. Ẹ má yọ epo yẹn: epo ló ń jẹ́ kí lutein àti fítámì K wọ ara dáadáa. Ẹ da gbúre sí i láìbu omi, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ wá gún un díẹ̀ nínú odó kékeré. Ẹ̀gúsí ló ń di omi gbúre mú. Tí omi bá dá wà lọ́tọ̀, tí ewé dá wà lọ́tọ̀ nínú ṣíbí kan náà, ó lè pá ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí lórí.

Ewédú náà dára, àmọ́ ẹ lọ̀ ọ́ dípò kẹ́ ẹ fi ìjábẹ̀ gbígbó já a. Ọwọ́ ìjábẹ̀ kan tó bá kán sínú ọbẹ̀, ojú àgbà ò ní rí i. Ẹ yọ káún kúrò fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ̀wúro fífọ̀? Kì í rọ̀ tó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ò gbọ́dọ̀ dédé sọ ẹ̀fọ́ di púpọ̀ tàbí kó dédé dá a dúró, torí fítámì K ń bá oògùn náà jà. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó bi dókítà léèrè kó tó máa jẹ gbúre lójoojúmọ́.

Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ ra rírẹ́, ẹ ní kí ìyá aléfọ̀ọ́ rẹ́ tiyín lójú yín, ewé nìkan. Ọ̀rá tí omi bá ti dá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí tó ń móoru lọ́wọ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ.