Ìwé wọ́tàkọ́lọ̀ mi: bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi wọ́tàkọ́lọ̀, ìyẹn ọ̀dà tí a ń fi omi pò, ya àwòrán sínú ìwé lójoojúmọ́, bébà ni kó kọ́kọ́ náwó lé. Àpótí ọ̀dà aláràbarà ló máa ń wọ̀ wá lójú nílé ìtajà, bẹ́ẹ̀ bébà tí kò dára á ba ọ̀dà gidi jẹ́.

Ìwé A5 ẹlẹ́yìn líle ni mò ń lò, gírámù 300 sì ni bébà inú rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bébà tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Èyí tá a fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì kò ju nǹkan bíi gírámù 80 lọ. Bí omi bá kàn án, á ká jọ, á sì ya. Ti ìwé yìí nípọn bíi káàdì ìgbéyàwó. Mo lè da omi sí i, kí n tún fi búrọ́ọ̀ṣì gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní bó. Igi ni wọ́n fi ṣe é. Bébà olówùú, irú Arches tó ń wá láti Faransé, máa ń pa omi mọ́ra pẹ́ jù ú lọ, àmọ́ ó wọ́n débi pé ẹ̀rù á máa ba èèyàn láti fi í ṣeré. Fún eré ìrọ̀lẹ́, ti igi tó.

Cotman ti Winsor & Newton ni ọ̀dà mi, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní London láti ọdún 1832. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọ̀ 12 ló wà nínú rẹ̀, àpótí rẹ̀ sì wọ àpò aṣọ. Inú mi tún máa ń dùn pé gum arabic, oje igi tí wọ́n fi ń po wọ́tàkọ́lọ̀, ń ti àríwá Nàìjíríà náà jáde.

Òrùlé Ìbàdàn ni mo fẹ́ràn láti máa yà jù, pàápàá láti Bower's Tower, ilé gogoro tó wà ní Òkè Ààrẹ, níbi tí páànù tó ti dípẹtà ti lọ salalu dé ibi tójú lè rí i dé. Mo máa ń fi omi púpọ̀ po burnt sienna, àwọ̀ pupa bí ìpẹtà, màá tẹ́ ẹ sórí bébà, kó tó gbẹ màá fi ṣónṣó búrọ́ọ̀ṣì kan ultramarine, tó jọ aró, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aró náà á rọra wọ inú pupa yẹn fúnra rẹ̀, á di eérú níbi kan, á di ìpẹtà níbòmíràn. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ jẹ́ kí omi ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ìdúró yẹn gan-an ló ń tù mí lára. Ọwọ́ tó tutù kò lè máa tẹ fóònù, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ kò sì gba ìkánjú. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí orí mi gbóná, kí n tó kun ewé kan tán, èjìká mi á ti wálẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́, ọ̀dà á ti gbẹ kí ẹ tó fà á dé òpin ojú ìwé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin bébà. Lásìkò òjò, ẹ ṣí àpótí sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó pa á dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà á bu.

Àléébù ìwé mi ni ẹ̀yìn rẹ̀: kò tẹ́ pẹrẹsẹ, àwòrán tó bá gba ojú ìwé méjì á ní kòtò láàárín. Èyí tí wọ́n fi wáyà rán ni màá rà tẹ̀lé e, gírámù 300 kan náà.