Ìrókò àbí Apá: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Ṣe Ilẹ̀kùn Àbáwọlé?

Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀kùn tó máa bá a kalẹ́, ìrókò tàbí apá ni káfíńtà sábà máa ń dárúkọ fún un. Ìkán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí méjèèjì gbé ṣe, òjò kì í sì í tètè mú wọn jẹrà. Àmọ́ wọn kì í ṣe ọgbọọgba.

Pákó ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Bí oòrùn bá ṣe ń bà á ló ń dúdú lọ, títí yóò fi di búráùn. Bí ẹ bá bá èyí tó ti pẹ́ ní ìsọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀. Ìyeyè yẹn á tún yọ lábẹ́. Apá ní tiẹ̀ pupa, ó sì wúwo jù ú lọ. Nínú pákó gbígbẹ, ìrókò tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan máa ń tó nǹkan bíi kílò 650, ti apá á sún mọ́ 800. Ẹ gbé e wò! Bí wọ́n bá pe nǹkan ní ìrókò tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ arère tí wọ́n kùn ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára apá ni pé kì í yí. Ilẹ̀kùn tí a ń fi èjìká tì lóṣù Keje kí ó tó pa dé, kì í ṣe ti apá tó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó le: kí wọ́n fi díríìlì lu ihò kí wọ́n tó kan ìṣó, kó má baà là. Nǹkan ìyeyè kan sì wà lára rẹ̀ tó máa ń ba aṣọ jẹ́ bí omi bá kàn án, ẹ má fi ṣe ibi tí ẹ ó máa sá aṣọ sí.

Ìrókò rọrùn fún káfíńtà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi ti òkúta funfun tó máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà míì, tó ń ká eyín ayùn. Ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì lè dí èémí. Kí ẹni tó ń là á bo imú.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ara funfun tó wà lábẹ́ èèpo. Ìrókò ni o, apá ni o, ìkán ń jẹ ibẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ àti orí pákó kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí funfun rẹ̀ bá pọ̀, ẹ dá a padà.

Igi méjèèjì yìí ti ń wọ́n nínú igbó. Kòkòrò Phytolyma kì í jẹ́ kí ìrókò kékeré ráyè dàgbà lóko, àwọn darandaran sì ń gé ẹ̀ka apá fún màlúù. Lọ́dún 2022, ní ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń wọ́n, ní Panama, wọ́n fi igi apá ti ilẹ̀ Áfíríkà sára igi tí a kò gbọdọ̀ kó pákó rẹ̀ kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ.

Ní tèmi, apá ni mo yàn fún ilẹ̀kùn tí òjò ń bá, kí ìrókò jẹ́ ti fèrèsé àti àga. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè pákó àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wó ilé: ó ti gbẹ, ó ti yí èyí tó máa yí, a kò sì gé igi kankan nítorí rẹ̀.