Kí ẹ tó yan ìlú ní Arizona, ẹ béèrè bí alẹ́ ibẹ̀ ṣe ń rí

Oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni mo kó kúrò ní ìpínlẹ̀ Maryland wá sí Arizona, ní Amẹ́ríkà kan náà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tó pè mí wá ní iṣẹ́ wà, owó orí ò sì pọ̀. Wọn ò parọ́: láti 2023, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ìpínlẹ̀ ń gbà nínú owó iṣẹ́, olówó àti tálákà. Mo ní ooru ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ooru gbígbẹ ni, kò lè mú èèyàn làágùn bíi ti Èkó. Ààrò búrẹ́dì náà gbẹ.

Mo ti gbé ìlú mẹ́ta níbẹ̀: Mesa tó lẹ̀ mọ́ Phoenix, Flagstaff lókè lọ́hùn-ún, àti Tucson tí mo wà báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun lọ, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ bó ṣe fẹ́ràn oorun tó. Ọ̀rọ̀ oorun ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru.

Ooru ọ̀sán, a mọ bí a ṣe ń sá fún un. Èèyàn á jókòó sínú ilé, á ti fèrèsé, á fi aṣọ dí i. Ti òru ni kò ní ibi ìsápamọ́. Gbogbo kọnkéré àti ọ̀dà ojú títì Phoenix á máa fa oòrùn mu láti àárọ̀, ilẹ̀ á ṣú tán, wọ́n á wá máa tú u jáde. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 léra wọn ni ooru ìlú náà dé 110 lórí ìwọ̀n Fahrenheit tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀, ìyẹn bíi 43 lórí ìwọ̀n tí a ń lò nílé. Ariwo ìyẹn ni àwọn oníròyìn ń pa. Èyí tó ṣe mí léṣe ni pé fún ọjọ́ 16 nínú oṣù keje ọdún yẹn, kò wálẹ̀ tó 90 (bíi 32 lórí ìwọ̀n ilé) kódà ní ìdájí.

Inú oṣù yẹn gan-an ni ẹ̀rọ amúlétutù fúláàtì mi kú. Àwọn tó ń bójú tó ilé ní ó di ọjọ́ mẹ́rin kí oníṣẹ́ tó ráyè. Mo ṣí ẹ̀rọ omi síbi tí wọ́n kọ "tútù" sí, omi tó dà jáde ṣeé fi wẹ ìkókó. Mo ń da yìnyín sínú ike omi kí n tó lè wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, inú mi sì ń dùn pé mo ń lọ síbi iṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná ti kúrò ní ilé ìdáná, inú ọkọ̀ ló ń gbé, torí sitíárì. Òrí tí mo gbàgbé sínú ọkọ̀ di òróró, ó sì ba gbogbo ìwé ọkọ̀ mi jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe bú Mesa kọjá ààlà. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun bí ọmọ èèyàn. Agbègbè Phoenix ni àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, iṣu wà, ẹja gbígbẹ wà, aṣọ ẹbí ò sì jẹ́ kí èèyàn fi owó pamọ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Intel wà ní Chandler, TSMC, àwọn ará Taiwan tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sì ti kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí àríwá Phoenix. Àní oòrùn ibẹ̀ náà ní èrè. Ìyá mi wá ní oṣù kẹwàá 2022, wọ́n bẹ iṣu, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n sì sá a sí bákónì. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń ró bí igi. Wọ́n ní Ṣakí gan-an ò lè gbẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ìwé dé láti ọ́fíìsì pé a ò gbọdọ̀ sá oúnjẹ síta.

Lẹ́yìn ọdún 2023 yẹn, mo gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ní Flagstaff, láti oṣù kìíní. Ìpínlẹ̀ kan náà o, kò sì tó wákàtí mẹ́ta láti Mesa, ṣùgbọ́n yìnyín ni mo ń fi ṣọ́bìrì kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000, mo ń mí hẹlẹ hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ọ̀run ibẹ̀ lálẹ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń lọ sóko bàbá bàbá mi. Ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí Pluto lọ́dún 1930 ni, wọ́n ṣì ń ṣọ́ iná títì wọn kó má mọ́lẹ̀ jù. Àmọ́ owó ilé wọn ga, ìlú sì kéré. Mo sùn dáadáa, mo sì dá nìkan wà.

Bí mo ṣe dé Tucson nìyẹn. Ó ga ju Phoenix lọ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 1,300, kò sì ní kọnkéré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán rẹ̀ gbóná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín, ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́. Owó iṣẹ́ rẹlẹ̀ sí ti Phoenix. Iṣu tòótọ́, wákàtí méjì ni mo ń wakọ̀ lọ rà á. Ọjà àwọn ará Mẹ́síkò ló ń gbà mí: ṣàkì, ẹsẹ̀ màlúù, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti òdòdó ìṣápá tí wọ́n ń pè ní jamaica. Ata igbó kan wà níbẹ̀, chiltepin, tó rí roboto bí èso ilẹ̀kẹ̀. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó.

Tí ẹ bá ń wá ilé ní Tucson, ẹ wo orí òrùlé. Àwọn ilé àtijọ́ kan ń lo ẹ̀rọ tó ń fi omi tu afẹ́fẹ́ lára. Owó iná rẹ̀ kéré, ó sì dára ní oṣù karùn-ún. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, tí afẹ́fẹ́ ti ní omi nínú, ńṣe ló máa sọ yàrá di ilé ìwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní ẹ̀yìn ìlú, kó béèrè ibi tí omi ti ń wá: ní January 2023, Scottsdale, ìlú kan lẹ́bàá Phoenix, dáwọ́ omi tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé lọ sí Rio Verde Foothills dúró, torí agbègbè náà kò sí nínú ìlú wọn. Eruku ńkọ́? Ohun àìfojúrí kan, ẹbí olú, wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ tó ń fa ikọ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀, a ń pè é ní Valley fever. Tí ikọ́ bá pẹ́ lára yín, tí ẹ sì ti kúrò ní Arizona, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti gbé ibẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn níbi gbogbo: wọn kì í yí aago. Wákàtí mẹ́jọ ló wà láàárín èmi àti ilé, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò.

Mesa, mo fún un ní méjì àbọ̀ nínú márùn-ún. Flagstaff, mẹ́ta. Tucson, mẹ́rin. Màámi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ti bi mí bóyá bákónì tuntun yìí kọjú sí oòrùn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní kí n lọ ra iṣu sílẹ̀.